Ẹ̀kọ́ oúnjẹ fún oní-IBS lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èwo ló tó fowó rà?

Líǹkì mẹ́ta ni àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ẹni tó ní IBS, ìyẹn àìsàn inú tó ń dààmú èèyàn lemọ́lemọ́, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan kò gba kọ́bọ̀, ọ̀kan jẹ́ áàpù olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀kẹta wọ́n débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka iye tí wọ́n kọ sí i. "Àǹtí, èwo ni kí n rà?" Manchester ni mo ń gbé, ó ti di ọdún mẹ́fà tí inú ti ń yọ mí lẹ́nu, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú èyí tí n kò tíì náwó sí. Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i.

Kí káàdì tó jáde lápò

IBS kì í hàn nínú àwòrán tí wọ́n bá yà nílé ìwòsàn. Inú á máa run èèyàn, á wú bí ìlù, ìgbẹ́ á ṣàn bí omi lónìí, á sì le bí òkúta lọ́la. Nínú ìlànà Rome IV tí àwọn dókítà fi ń dá IBS mọ̀, èyí tó jáde ní 2016, inú rírun náà gbọ́dọ̀ máa wáyé ó kéré tán lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó sì ní í ṣe pẹ̀lú ìgbẹ́ yíyà. Nílé tiwa, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n máa pè é. Àgbo ìgò méjì ni màmá mi ti fi rán èrò wá kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ IBS létí mi.

Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ ń rù láìgbààwẹ̀, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, tàbí tí ẹnìkan nínú ẹbí yín ti ní jẹjẹrẹ ìfun, ẹ má ra ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí owó yẹn gbà. Ẹ má sì tíì pa búrẹ́dì tì kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún celiac, àìsàn tí àlìkámà fi ń ba ìfun jẹ́, nítorí àyẹ̀wò náà lè parọ́ fún ẹni tí kò jẹ àlìkámà mọ́.

Èyí tí kò gba kọ́bọ̀

NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní England, gbé ìlànà lórí IBS jáde ní 2008. BDA, ẹgbẹ́ àwọn dietitian (amòye nípa oúnjẹ aláìsàn) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ní ìwé pélébé lórí IBS àti oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn. Àwọn dietitian NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Somerset náà ṣe fídíò ọ̀fẹ́, èyí tó dára fún ẹni tí ìwé kíkà ń sú.

Kí ni wọ́n ń sọ? Ẹ jẹun lásìkò, ẹ má fi ìkánjú gbé e mì. Ẹ mu omi tó ife mẹ́jọ lóòjọ́. Kí tíì àti kọfí má kọjá ife mẹ́ta. Kí èso má ju ìwọ̀n mẹ́ta lọ, 80 gíráàmù ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ dín ọtí àti mínírà kù. Ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kó yẹra fún sorbitol, ìyẹn adùn kan tó pọ̀ nínú ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kò ní ṣúgà.

Ó jọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, àbí? Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn máa fò ó nìyẹn, tí wọ́n á lọ ra èyí tó ní orúkọ gbàgàdà. Ṣùgbọ́n ní Sweden, wọ́n fi irú ìmọ̀ràn lásán yìí wé oúnjẹ FODMAP tí gbogbo ayé ń pariwo (yíyọ àwọn ṣúgà kan kúrò nínú oúnjẹ), láàárín ènìyàn 75 tó ní IBS. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: nínú ọgọ́rùn-ún, 50 ló rí ìtura nínú àwọn tó ṣe FODMAP, 46 nínú àwọn tó gba ìmọ̀ràn lásán. Mẹ́rin péré ló fi jù ú lọ. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ní kí àbúrò mi fi ṣe ti ọ̀fẹ́ ná.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kò rí ẹni bi. Oúnjẹ òyìnbó ni gbogbo àpẹẹrẹ inú rẹ̀.

Áàpù Monash

Bí ti ọ̀fẹ́ kò bá tó, èyí ni mo máa kọ́kọ́ rà. Yunifásítì Monash ní Melbourne, ní Australia, ni wọ́n ti hú ọ̀rọ̀ FODMAP jáde, áàpù wọn sì ti wà láti 2012. FODMAP ni àwọn ṣúgà kéékèèké tí ìfun kékeré kì í lè gbà wọlé dáadáa. Wọ́n á fa omi mọ́ra, bí wọ́n bá sì dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò inú ibẹ̀ á fi wọ́n ṣe àríyá, gáàsì á dé. Ìfun gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti oní-IBS ni kì í lè pa á mọ́ra.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa sanwó, kò sí pé wọ́n ń yọ ọ́ lóṣooṣù. Kò tó 10 pọ́n-ùn nígbà tí mo rà á. Wọ́n ń wọn oúnjẹ náà ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á wá fún un ní iná bíi ti ojú títì: àwọ̀ ewé, òféèfèé, pupa. Bí wọ́n bá tún oúnjẹ kan wọ̀n tí èsì yí padà, áàpù náà á yí padà. Àwọn PDF tí wọ́n ń pín kiri nínú gúrúùpù kì í yí, ẹlòmíràn ṣì ń tẹ̀lé èyí tó ti pẹ́ lọ.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i. Ọbẹ̀ ata wà lórí iná. Mo tẹ àlùbọ́sà, pupa. Mo tẹ áyù, pupa. Ẹ̀wà, pupa. Búrẹ́dì, pupa. Mo wo ìkòkò, ìkòkò ń wò mí. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ kà á ni mo rí i pé ewé àlùbọ́sà eléwé, apá tó tutù lókè yẹn, ní iná àwọ̀ ewé, pé ìrẹsì àti ẹ̀pà kò ní wàhálà, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì rọ̀ kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú èyí tó ti pọ́n rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀. Mo tún rí ti áyù: ohun tó ń dá inú láàmú nínú rẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi, kì í yọ́ sínú òróró. Ẹ dín áyù nínú òróró, kí ẹ yọ ọ́ jù nù, lẹ́yìn náà kí ẹ tó da ata sí i. Bí ata bá ti wọ ìkòkò kí áyù tó jáde, ó ti bọ́, nítorí omi ni ata.

Ohun tí áàpù yìí kò lè ṣe ni kó mọ ìkòkò wa. Èròjà kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀n. Gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, ẹ̀yin lẹ máa fúnra yín tú u palẹ̀. Ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó, tí a sì da omi rẹ̀ nù máa ń dín kù ní FODMAP, àmọ́ kò sí iná àwọ̀ ewé tó máa sọ fún yín iye àkàrà tí inú yín lè gbà.

Kọ́ọ̀sì olówó gọbọi

Ibí ni mo ti jẹ ìyà. Ní ọdún kejì tí inú ń dà mí láàmú, mo ra kọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ obìnrin kan tí mo rí lórí Instagram. Ó lé ní 200 pọ́n-ùn. Fídíò mẹ́jọ, ìwé "má jẹ èyí, má jẹ ìyẹn", gúrúùpù tí gbogbo ènìyàn ti ń kí ara wọn kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, inú mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo dúpẹ́ títí. Oṣù kẹjọ, mi ò tíì jẹ ẹ̀wà, mi ò tíì jẹ búrẹ́dì, síkẹ́ẹ̀tì mi ń yọ́ bọ́ nídìí. Mo kọ̀wé bi í pé ìgbà wo ni mo máa dá oúnjẹ padà. Ó fèsì pẹ̀lú líǹkì àwọn oògùn oníhóró tó ń tà.

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n nìyẹn. FODMAP ní ìpele mẹ́ta. Ẹ yọ àwọn oúnjẹ náà kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà. Ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ ọ̀tá yín gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ ohun gbogbo yòókù. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìpele àkọ́kọ́, orúkọ oúnjẹ lásán ni. Ìpele kejì ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ti ń sá. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ́ọ̀sì, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé fídíò mélòó ló wà lórí dídá oúnjẹ padà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó kẹ́yìn, ẹ máa lọ.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé kí ló jẹ́ gan-an. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ara rẹ̀ ní dietitian bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀, ẹ sì lè yẹ orúkọ wò lórí ìkànnì wọn ní ìṣẹ́jú kan. Nutritionist kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Èyí kò ní kí gbogbo wọn jẹ́ oníjìbìtì, àmọ́ ẹni tó ta ọjà fún mi, "gut coach" ló kọ síwájú orúkọ rẹ̀, èmi náà ni mi ò bèèrè.

Dietitian lórí fídíò

Òun ló wọ́n jù bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ ní wákàtí. Láti 80 sí 150 pọ́n-ùn ni mo rí fún ìpàdé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Àwọn tó bá jẹ́ aláìsàn NHS lè ní kí GP, dókítà àdúgbò wọn, kọ ìwé sí dietitian fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kìkì pé wọ́n máa dúró. Lórí ìkànnì Monash, orúkọ àwọn dietitian tó gba ẹ̀kọ́ wọn wà níbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀.

Ìpàdé mẹ́ta péré ni mo ṣe. Ó ní kí n dá nǹkan padà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Búrẹ́dì tí mo ti sá fún láti oṣù mẹ́jọ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àlùbọ́sà ni ọ̀tá. Ẹ̀wà wà láàárín: àkàrà méjì, kò séwu, abọ́ ẹ̀wà àgànyìn kan, mi ò ní sùn. Kò sí áàpù tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Bí ẹ bá gbé áàpù àti dietitian sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, áàpù mọ oúnjẹ, dietitian mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó lè ka àkọsílẹ̀, tó sì ní sùúrù, lè fi áàpù nìkan ṣe é, ó ní ìwé àkọsílẹ̀ nínú. Ẹni tó ń rù, ẹni tó lóyún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí oúnjẹ ti ń bà lẹ́rù tẹ́lẹ̀, kó má dá a ṣe.

Àwọn tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ oúnjẹ

Áàpù Nerva kì í ṣe ẹ̀kọ́ oúnjẹ rárá, ohùn tó ń mú ọkàn àti ìfun balẹ̀ ni, wọ́n sì ń gba owó déédéé, ẹ rántí fagi lé e. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ IgG tí wọ́n ń tà pé ó máa sọ oúnjẹ tí ara yín kò fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yẹn ra ẹja. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà àlọ́jì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ní kí a má fi wá ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu.

Ti àbúrò mi: ti ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà áàpù bí inú kò bá rọ̀, kó sì fi owó tó fẹ́ san fún kọ́ọ̀sì kẹta yẹn wọkọ̀ lọ sí UCH, ẹ̀ka dietetics wà níbẹ̀, kó mú ìwé tó ń kọ oúnjẹ àti aago ìgbẹ́ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ó béèrè pé mọ́ínmọ́ín Sátidé ńkọ́. Mo ní kó jẹ ẹyọ kan, kó má fi mínírà tì í, kó sì kọ aago tó jẹ ẹ́ sílẹ̀.