Springsteen yẹ́ Pete Seeger sí: àwo orin tí mo ń gbọ́ nídìí aró

Orin kẹta ni mo ti fi ìka tó kún fún aró tẹ fóònù, mo dá a padà sẹ́yìn. Mrs. McGrath lorúkọ orin náà. Wọ́n tan ọmọ ìyá yìí wọṣẹ́ ológun, ó wọkọ̀ ojú omi lọ, ó lé lọ́dún méje kó tó dé. Ẹsẹ̀ igi méjì ló fi ń rìn nígbà tó dé, àgbá ti gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ. Ìyá ò kọ́kọ́ sunkún. Ńṣe ló ń bi í pé ṣé ọtí ló mu yó ni àbí ojú rẹ̀ fọ́, tó fi fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lọ́hùn-ún wá sílé. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn ará Ireland ló ni orin yìí, àmọ́ ìyá tó bí mi náà ì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó máa bú mi kí ẹkún tó já.

Àwo tí mò ń sọ ni We Shall Overcome: The Seeger Sessions, tí Bruce Springsteen, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2006. Orin mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, bíi wákàtí kan. Ó pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi pé. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi dà á sórí mẹ́mọ́rì fún mi ní mẹ́sàn-án péré, ó fi orin ẹlòmíràn dí àlàfo, ó sì gbowó mẹ́tàlá. Dátà ni mo fi wá gba ìyókù fúnra mi.

Pete Seeger, akọrin ìbílẹ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, 1919 ni wọ́n bí i, ó kú ní oṣù kìíní 2014. Bánjò, ohun èlò olókùn tó jọ gìtá, lohun èlò rẹ̀. (Kì í ṣe Bánjọ o, ọmọ àdúgbò wa kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ tó.) Orin àwọn òṣìṣẹ́, àwọn atukọ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú inú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló ń kó jọ tó sì ń kọ́ ará ìlú. Ní 1955, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tó ń wá àwọn kọ́múníìsì kiri ní kó wá sọ irú ẹni tó ń bá rìn àti ohun tó gbà gbọ́. Ó lóun ò ní í dáhùn, àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orin òun ni, òun ṣe tán. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1961, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá ò gbà á láyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló bá ń kọrin kiri ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tó wú mi lórí ni pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, kò sí èyí tí Seeger jókòó tó dá fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. We Shall Overcome tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tábà ní Charleston ti ń kọ ọ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì wọn ní 1945 kó tó dé etí rẹ̀. Àwọn orin tó gbé pọ̀n ni Springsteen náà gbé pọ̀n. Èmi ò mọ ìyẹ́sí tó ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí Dúró Ládípọ̀ ṣe níbí ní Òṣogbo ní àwọn ọdún 1960, tó gbé oríkì àti bàtá gun orí ìtàgé, á mọ ohun tí mò ń wí.

Inú ilé oko Springsteen ní New Jersey ni wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta péré: ọ̀kan ní 1997, ọ̀kan ní 2005, ọ̀kan ní 2006. Wọn ò dánra wò tẹ́lẹ̀. Pálọ̀ kún débi pé ọ̀ọ̀dẹ̀ làwọn onífèrè dúró sí. Ẹ ó máa gbọ́ Springsteen tó ń ké sí wọn láàárín orin pé kí wọ́n gbà á, bí ìyáàlù ṣe ń pàṣẹ fún omele. Nínú O Mary Don't You Weep, fèrè já wọlé lójijì bí ẹni tó pẹ́ dé òde tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹni tó fi I.K. Dairo dàgbà á sì dá ohùn àkọ́díọ̀nù mọ̀ kíá.

Pay Me My Money Down ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń kẹ́rù sọ́kọ̀ ojú omi ní etíkun Georgia ló ni ín. Wọ́n ṣiṣẹ́ tán, ọ̀gá ọkọ̀ ò tètè sanwó. Mò ń sá aṣọ sórí okùn lọ́wọ́, bàbá onílù tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun jókòó, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Kí ni wọ́n ń béèrè tó bẹ́ẹ̀?"

"Owó wọn ni, bàbá."

"Owó iṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ló bá da bọ́kẹ́ẹ̀tì mi dojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, ó ń gbè é: "Sanwó mi, sanwó mi kí n máa lọ." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbà á, àwọn ọmọ gbà á. Àṣé oníbàárà tó jẹ mí lówó àdìrẹ yáàdì mẹ́wàá ló ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró, ó fọwọ́ lérán. "Ṣé èmi lẹ ń kọ ọ́ fún?" A ní rárá o, òyìnbó ni. Kò gbà wá gbọ́, ó san ìdajì kó tó lọ.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ariwo pọ̀ jù nínú Jacob's Ladder. Springsteen tún ń ha ohùn mọ́ni létí, bí ẹni tó fẹ́ dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Seeger kì í ha ohùn. Á kọ́kọ́ sọ ìlà orin fún àwọn èrò, á wá dúró dè wọ́n kí wọ́n gbè é. Ègbè ti kún inú àwo yìí tẹ́lẹ̀, wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ. Shenandoah ń fà, mo sábà máa ń fò ó.

Froggie tó kẹ́yìn, àlọ́ ni: ọ̀pọ̀lọ́ lọ fẹ́ eku ṣe ìyàwó. Ó ti lé ní irínwó ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ọmọ mi ò jẹ́ kí n sinmi lórí ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, American Land Edition tó jáde níparí ọdún 2006 yẹn gan-an ni kí ẹ wá. How Can a Poor Man Stand Such Times and Live? wà nínú rẹ̀, orin 1929 tí Springsteen fi ọ̀rọ̀ tuntun sí nítorí ìjì Katrina tó ba New Orleans jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Seeger fúnra rẹ̀ o, òun pẹ̀lú bánjò rẹ̀ nìkan, kí ẹ tó gbọ́ èyí.

Lánàá, mi ò tíì bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kúrò lọ́wọ́ tí bàbá ti ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí n fi àwọn tó ń béèrè owó wọn yẹn sí i.