Ẹ̀rọ ìṣirò Dario Alpern àti nọ́ńbà 147,573,952,589,676,412,927

Dario Alpern, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, ni ó ṣe ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí. Bí a bá fún un ní nọ́ńbà odidi, yóò wá àwọn nọ́ńbà prime tí a sọ di púpọ̀ láti fi rí i, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó jẹ́ pé 1 àti àwọn fúnra wọn nìkan ló lè pín wọn láìṣẹ́kù. Ọ̀fẹ́ ni.

Nọ́ńbà tí mo fi dán an wò ni 147,573,952,589,676,412,927, èyí tí a máa rí bí a bá kọ 2 sílẹ̀ ní ọ̀nà 67, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀, tí a sì yọ 1 kúrò. Ìtàn rẹ̀ ni mo ṣe yàn án. Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, ẹni Ọlọ́run ọmọ ilẹ̀ Faransé, kà á mọ́ àwọn nọ́ńbà prime. Ó di ọdún 1876 kí Édouard Lucas tó fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe prime rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò sọ nọ́ńbà tí ó pín in. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole tó gbé èsì kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà: 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287. Ọwọ́ ni ó fi ṣe gbogbo ìṣirò yẹn. Ẹ̀rọ Alpern gbé nọ́ńbà méjèèjì jáde lórí fóònù kí n tó mí kanlẹ̀.

Kì í ṣe èsì yìí nìkan ni mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Ó tún sọ pé nọ́ńbà 4 péré ló pín nọ́ńbà ńlá yìí láìṣẹ́kù, pé àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 147,573,953,351,708,377,936. Lẹ́yìn èyí, ó fi nọ́ńbà náà hàn gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ nọ́ńbà mẹ́rin tí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, bí a ṣe ń rí 9 láti inú 3 lọ́nà 3. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta kò lè tó láéláé, nítorí pé bí a bá fi 8 pín nọ́ńbà ńlá yìí, 7 ni yóò ṣẹ́kù.

Ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ náà fi mẹ́rin hàn, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí mẹ́ta kò fi tó. Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ka sí i pé bí a bá fi 134, tí í ṣe ìlọ́po méjì 67, pín èyíkéyìí nínú nọ́ńbà méjì tí Cole rí, 1 ni yóò ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin yìí ló ń dín wàhálà ẹni tí ń fi ọwọ́ wá wọn kù gidigidi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dá kẹ́kọ̀ọ́ yóò nílò ìwé mìíràn.

Mo gba àwọn olùkọ́ ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ girama níyànjú láti lò ó, pàápàá nítorí pé inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni ni ìṣirò ti ń wáyé, kì í sì í jẹ dátà bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ńbà kan tí ó ní díjítì bí 100 lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní ti àwọn onídíjítì 617 tí a fi ń dáàbò bo ìsọfúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí a bá yàn wọ́n dáadáa, kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan tí ó tú irú wọn.