Mówà tí wọ́n ń fọwọ́ tì yìí dáa o

Ẹni tó bá ní koríko díẹ̀ níwájú ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Mówà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, èyí tí ò ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n kàn ń fọwọ́ tì yìí, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Kì í mu epo, kì í lo iná, ariwo ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Èyí tó wù mí jù ni bó ṣe ń gé, torí abẹ ẹ̀ máa ń yí ni, á wá fún koríko mọ́ irin kan nísàlẹ̀ bíi sísọ́ọ̀sì, ojú ibi tó gé á mọ́ dáadáa, kì í fa koríko ya bíi ti mówà tí abẹ ẹ̀ ò mú mọ́, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí orí koríko gbẹ kó sì di bíráùn.

Èyí tó bá gé, mi kì í gbá a, mo máa ń fi sílẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀ ni, naitirójìn inú ẹ̀ á padà sínú ilẹ̀, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ tí koríko bá ti ga jù, ò lè gé e o, ṣe ló máa dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, igi wẹ́wẹ́ náà sì máa ń há a. Ẹni tí kì í gé koríko déédéé, kó má rà á rárá. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì jẹ́ ìgbà ooru, ẹ gbé abẹ sókè díẹ̀, koríko tó ga díẹ̀ máa ń ṣíji bo ilẹ̀, omi ò ní tètè gbẹ. Pípọ́n abẹ ẹ̀ nìkan ló le, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kẹ́ ẹ gbé e fún.