Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ gọ́tà àti páìpù omi òjò: ilé-iṣẹ́ kan ni mo sanwó fún, ẹni méjì ló ń ti ẹ̀bi síra wọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú páìpù tí wọ́n ń lò tàbí bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré, kó lọ ka ìwé ìpolówó wọn, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn kúrò nílé mi. Omi òrùlé tó yẹ kó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú gọ́tà ìta ló ṣẹ́rí padà. Ó ń ru jáde lẹ́nu máńhóòlù tó wà lẹ́yìnkùlé, òun àti yanrìn àti ewé, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná. Wọ́n ní ó wu àgbàrá kó wó ilé, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ò tiẹ̀ ráyè sọ pé mi ò gbà, àwọn tí mo sanwó fún ti lànà fún un.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi yàn wọ́n. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń yàwòrán tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka ẹnjiníà wọn á yà á, ẹ̀ka agbaṣẹ́ṣe wọn á gbẹ́ ilẹ̀, á rì páìpù, ìwé àdéhùn kan ṣoṣo lẹ máa fọwọ́ sí. Nínú ìwé àdéhùn FIDIC, ìyẹn ti ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àgbáyé tí àwọn oníṣẹ́ ilé ń lò kárí ayé, oríṣi méjì kan wà tó yàtọ̀ síra: nínú èyí tó ní èèpo pupa, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń gbé àwòrán wá, nínú èyí tó ní èèpo yẹ́lò, agbaṣẹ́ṣe ló ń yà á fúnra rẹ̀. Irú ti yẹ́lò yẹn ni mo fẹ́, torí mo ti rí ilé àwọn ẹlòmíì tí ẹnjiníà ti ń na ìka sí agbaṣẹ́ṣe, tí agbaṣẹ́ṣe náà ń na ìka sí ẹnjiníà, tí onílé sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá omi. Owó tí mo san ju ti àwọn tó kàn ń gbẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí pé mi ò fẹ́ gbọ́ "àwọn ni, kì í ṣe àwa" ni mo ṣe san án.

Ohun tí mo gbọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ibi tí omi dé lára ògiri, ó ya fọ́tò, ó ṣí àwòrán sórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwòrán wa ò ní àbùkù kankan. 1 nínú 100 la kọ síbẹ̀." Ìyẹn ni pé ní gbogbo mítà kan, kí páìpù lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 10, páìpù tèmi gùn tó mítà 30, nítorí náà ó yẹ kó fi mìlímítà 300 lọ sílẹ̀ látorí dé ìdí. Kò parí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sáìtì agbaṣẹ́ṣe fi wọlé. Ó ní, "Màdámù, ohun tí wọ́n yà fún wa la rì."

Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì o. Àmì ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà láyà wọn. Síbẹ̀ kò sí èyí tó bá èkejì sọ̀rọ̀ tààrà. "Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lo lẹ́fẹ́ẹ̀lì." "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé a lò ó." Bí ọkọ àti ìyàwó tó ń bá ara wọn yodì, tí wọ́n ń rán ọmọ síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mí láàárín ilé ìdáná mi, omi ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tí ìyẹn ò ràn mọ́, ẹnjiníà ní òjò náà ló pọ̀ jù. Èyí bí mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, omi lítà 1 ni. Irú ìwọ̀n mítà kan sí mítà kan bẹ́ẹ̀ tó wà lórí òrùlé mi tó 200. Ìwé tí àwọn fúnra wọn kọ fún mi sọ pé òjò mìlímítà 100 ní wákàtí kan ni wọ́n fi ṣírò iṣẹ́ náà: lítà 20,000 ní wákàtí kan nìyẹn, kò pé lítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Páìpù mìlímítà 150 tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 1 nínú 100 lóòótọ́ á gbé ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Òjò ọjọ́ náà kò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Mo ka ìṣirò náà sí i létí. Ó ní òun á padà wá. Kò padà wá.

Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn ní sùúrù, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ló ní: "Mo ti gbé e lọ sí ẹ̀ka tó kàn, mà." Bí mo bá bi í pé ẹ̀ka wo ló kàn, á dákẹ́ díẹ̀, á wá tún un sọ.

Ọ̀gá sáìtì ní tiẹ̀ lọ wá òfin. Lóru, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn kan ránṣẹ́ sí mi nípa ẹjọ́ Spearin, èyí tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní 1918. Mo kà á tán, mo sì gbádùn rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ gọ́tà ni lóòótọ́. Agbaṣẹ́ṣe kan gba iṣẹ́ ibi ìtúnkọ̀ṣe ní ọgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Brooklyn. Gọ́tà ńlá kan gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ní láti gbé e gba ibòmíì, gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí ìjọba fún un ṣe là á sílẹ̀. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1906, òjò ńlá àti ìkún omi òkun pàdé, omi padà sẹ́yìn, gọ́tà bẹ́, ibi iṣẹ́ kún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ìdínà kan wà nínú gọ́tà tó so mọ́ ọn, tí kò sí nínú àwòrán kankan tí wọ́n fún un. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá tẹ̀lé àwòrán tí ẹni tó ni iṣẹ́ fún un kò ní jẹ̀bi àṣìṣe inú àwòrán náà.

Èsì tí mo fún un kúrú: "Ìjọba tó ni iṣẹ́ ló ya àwòrán ti Spearin. Ta ló ya tèmi? Ẹ̀yin ni." Kò dá mi lóhùn títí di òní.

Ẹni tó yọ mí nínú gbogbo ìyẹn ni fọ́máànù wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí ẹnikẹ́ni ò rán wá sọ̀rọ̀. Rọ́bà lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló gbé wá, rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà máa ń da omi sí, torí bí ẹ bá gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè, omi inú rẹ̀ kò ní ga ju ara wọn lọ. Ó ní kí ọmọṣẹ́ kan di ẹnu kan mú ní máńhóòlù àkọ́kọ́, òun mú ekejì, wọ́n hú ilẹ̀ níbi mélòó kan, ó ń fi gẹ́ẹ̀jì sàmì sára igi. Kò sọ nǹkan kan títí ó fi dé ìdí. Ó wá ní kí n wá wò ó.

Mítà 20 àkọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Láti ibẹ̀, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì fi mìlímítà 80 gòkè kó tó wọ máńhóòlù àtijọ́ tó lọ sí gọ́tà ìta. Ó ju ìdajì páìpù lọ tó ti di adágún kí òjò tó ṣú. Yanrìn jókòó síbẹ̀, ewé bá a níbẹ̀. Bàbá náà ṣí máńhóòlù àtijọ́ yẹn, ó wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀: ó fi mìlímítà 180 ga ju ohun tó wà nínú àwòrán lọ.

Ó ní kí wọ́n pe ẹnjiníà àti ọ̀gá sáìtì, wọ́n sì wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹnjiníà, àwòrán àtijọ́ lẹ wò, ẹ ò ṣí máńhóòlù yìí. Àwa tí a gbẹ́lẹ̀ débẹ̀ rí i pé kò bá a mu, a fi yanrìn gbé páìpù sókè kó lè wọlé, a ò sì wí fẹ́nì kankan. Ẹ má da màdámù láàmú mọ́." Ọ̀gá sáìtì ń wo bàtà rẹ̀. Ìwé FIDIC kan náà sọ ọ́ pé ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìwé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tètè fi tó ẹnì kejì létí. Bàbá yìí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ó ti sọ ọ́ tán.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn dára, mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n hú gbogbo páìpù náà, wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè ní mìlímítà 100 torí ó jìn tó láti gbà á, ó wá kù mìlímítà 220 tó fi ń lọ sílẹ̀, bíi 7 ní mítà kọ̀ọ̀kan, láìsí ibi tó ti gòkè. Wọ́n ṣe kòtò kékeré kan tó ń gba yanrìn kó tó wọ páìpù. Wọ́n tún ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri tẹ́ kí omi máa dà kúrò lára ilé, ó fi mìlímítà 150 lọ sílẹ̀ láàárín mítà 3. Fọ́máànù kò jẹ́ kí wọ́n bo ilẹ̀ àfi ìgbà tó da omi sí i lójú mi, tó sì rí i pé kò dúró síbì kankan. Òjò tó ju ti ìjọ́sí lọ ti rọ̀, ilé ìdáná gbẹ.

Lẹ́tà tí ọ́fíìsì kọ lẹ́yìn iṣẹ́ náà ló tún mú inú bí mi. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ fún sùúrù mi lórí "ìṣòro tó jẹ mọ́ ojú ọjọ́." Ojú ọjọ́! Kò sí orúkọ fọ́máànù níbẹ̀, kò sí máńhóòlù, kò sí mìlímítà 180. Ẹnjiníà tó sì yẹ kó fún mi ní àwòrán tuntun tó bá ohun tó wà nílẹ̀ báyìí mu kò tíì fún mi. Ẹni tó bá máa hú ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ iwájú, àwòrán irọ́ yẹn náà ni yóò bá.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀kan tí mo yọ, ti àwòrán yẹn ni. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, mo máa dá ìràwọ̀ náà padà.