Ìwé àròsọ kan, ìwé ìtàn kan, ẹ rà méjèèjì tówó bá wà

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ìwé wo ni káwọn kà nínú bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú dé TBS l'Ékòó tóorun ò fi ní gbé wọn lọ. A Spell of Good Things ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ni o. 2023 ló jáde, ó wọ longlist, ìyẹn àkójọ àkọ́kọ́ àwọn ìwé tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún ẹ̀bùn ìwé Booker, lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n torí Ẹniọlá, ọmọkùnrin kan nínú ìwé náà, ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ kà á. Tíṣà history ni bàbá ẹ̀, ìjọba dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, bàbá bá sùn kalẹ̀ ó kọjú sógiri, owó ilé ìwé ò sí mọ́, wọ́n wá ń na ọmọ lẹ́gba torí gbèsè tí kò jẹ. Ó dùn mí gan-an. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ wà ní Ṣómólú níbí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ọ̀lẹ láì mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ló dá a dùbúlẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí ò fi wọ́n ṣẹlẹ́yà, kò sì bẹ̀ wá pé ká ṣàánú wọn, ó kàn jẹ́ ká rí bí ìtìjú ṣe ń jẹ ọmọ yẹn.

Wúràọlá tóun náà wà nínú ìwé yẹn ní tiẹ̀, dókítà ni, ọmọ olówó, gbogbo ilé ń kánjú ìgbéyàwó, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ yẹn náà ló sì ń gbá a létí.

Ibi tí mi ò ti gbádùn ẹ̀ ni ìparí, ọ̀rọ̀ òṣèlú dé tán gbogbo nǹkan wá ń sáré, ó wù mí kó fara balẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ìwé ìtàn ńkọ́? Formation ti Fọlá Fágbùlé àti Fẹ̀yí Fáwẹ̀hìnmí. Látorí jíhádì Usman dan Fodio ní 1804 dé 1914 tí Lugard, gómìnà Òyìnbó, so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, wọ́n kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀tàn fúnni ni. Àwa ará Èkó tá à ń kọjá ní Ìdúmọ̀tà lójoojúmọ́, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ní December 1851 àwọn Òyìnbó yìnbọn lu ìlú yìí, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè tó ti jọba tẹ́lẹ̀ padà sórí oyè? Orúkọ pọ̀ nínú ẹ̀ ṣá, ẹ mú bírò dání.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ayédèrú nínú gosíló. Tówó ò bá ká méjèèjì, ti Adébáyọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.