Ṣọ́ọ̀bù aláró tó bá wa ya àdìrẹ ìrántí ìyá àgbà wa n'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta

Ẹ káàbọ̀ o. Àtìgbà tá a ti ṣe ìrántí ọdún kan ìyá àgbà wa ni wọ́n ti ń bi mí pé ibo la ti rí aṣọ ẹbí yẹn, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbi kan.

Iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá àgbà ṣe dọjọ́ alẹ́. Wọ́n á ro láfún, wọ́n á fi alum díẹ̀ sí i, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ yàwòrán sórí aṣọ funfun, tó bá gbẹ wọ́n á rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà aró ò ní mú un dáadáa, ibẹ̀ ló máa di àwòrán. Bọ́wọ́ wọn ṣe ń lọ lórin á máa lọ. Alto, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, ni wọ́n ń kọ ní kúáyà St. Peter's l'Áké, tí wọ́n máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, alto yẹn náà ni wọ́n ń kọ nílé, kò sẹ́ni tó ń bá wọn kọ ohùn òkè, torí náà alto nìkan làwa ọmọọmọ mọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ ní Sunday school tíṣà ní mi ò morin. Mo sunkún délé. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "O mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn tó kù ni ò tíì bá ẹ kọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, a rí ìlàjì ìró kan nínú àpótí wọn, àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Íbàdàn pẹ̀lú ṣíbí láàárín. Ní igun kan, ẹyẹ kékeré kan wà tó kọ̀yìn sí gbogbo aṣọ. Gbogbo iṣẹ́ wọn lẹyẹ yẹn máa ń wà.

Ibi tá a kọ́kọ́ gbé e lọ pé kí wọ́n bá wa ya irú ẹ̀ fún aṣọ ẹbí, àbẹ́là ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi pátákó tẹ̀ ẹ́ gbà-gbà-gbà, wọ́n ní ṣé àdìrẹ kọ́ nìyẹn ni. Mo bínú gan-an. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì yìí ò tiẹ̀ dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn, aṣọ yẹn ni wọ́n gbà, wọ́n fọwọ́ rá a, wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, wọ́n wá bi mí pé: "Ẹyẹ yìí ńkọ́, ṣé ká yí i síwájú ni àbí bó ṣe rí nìyẹn?" Omi bọ́ lójú mi. Mo ní bó ṣe rí nìyẹn, mà. Wọ́n ní ó dáa, ẹni tó yà á ò ṣàṣìṣe.

₦38,000 ni yáàdì márùn-ún, ó wọ́n, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀, kò sí òpó méjì tó dọ́gba. Ibi tí wọ́n ti kù: wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ ju àdéhùn lọ, ìsìn ku ọ̀la ká tó gbà á tán, aró sì yọ nígbà tá a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ó ba ṣòkòtò funfun bọ̀dá mi jẹ́. Aró oníyẹ̀fun àti kọ́sítíìkì (caustic soda) ni wọ́n ń lò, wọn ò ṣàn án tó. Ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta o, nígbà Aláké Adémọ́lá Kejì ní àwọn ọdún 1930 wọ́n fòfin dè é tòun ti aró òyìnbó, àwọn ìyá aláró ò sì gbà. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a síbi òjìji.

Lọ́jọ́ ìrántí, nígbà tí wọ́n dá orin tí ìyá àgbà fẹ́ràn jù, àwa ọmọọmọ tá a wọ aṣọ yẹn tò sórí bẹ́ǹṣì méjì, gbogbo wa bọ́ sí alto lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà ìyá aláró yẹn, ẹ wá mi ní inbox. Aṣọ gan-an ni kẹ́ ẹ gbé dání o, fọ́tò fóònù ò tó, wọ́n máa fẹ́ fọwọ́ rá a.