Páìpù onítíréèdì àti kíláǹpù tó gbé pọ́ńpù súmò mi kọ́ sínú kànga: ohun tí mo rí níbẹ̀

Páìpù yìí dára, ó sì tó owó tí wọ́n ń tà á. Kíláǹpù tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ ọn ni kò dára, ìdérí ẹnu kànga tó bá a wá ló tún wá burú jù. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè mọ ibi tí mo fì sí. Ẹni tí kò kánjú, kó fìdí kalẹ̀, àlàyé ń bọ̀.

Ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kékeré ni mo ní ní Òkè-Odò, ní Tánkẹ, níbí n'Ílọrin. Láti ìgbà tí òjò ọdún tó kọjá ti dá ni mo ti ń lo ohun èlò yìí, omi ò sì lè ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ kan kí n má rí i lára èrè. Bí ẹ bá lọ ra pọ́ńpù súmò, gbogbo èèyàn ló máa bi yín pé HP mélòó ni, ṣé ti sólà ni àbí ti iná. Ẹnì kan ò ní bi yín pé kí ló máa gbé e dúró nínú ihò. Bẹ́ẹ̀ pọ́ńpù kì í jókòó sí ìsàlẹ̀ kànga. Ṣe ló ń rọ̀ dirodiro sínú omi. Páìpù tó ń gbé omi wá sókè náà ló ń gbé òun alára, ohun tó wà lẹ́nu kànga ló sì ń ru gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù náà. Kànga mi jìn tó mítà 70, pọ́ńpù wà ní mítà 60. Páìpù tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 32 máa ń gba omi bíi lítà 0.8 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ní mítà 60, lítà 48 nìyẹn, ìyẹn kílò 48, omi nìkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan, a ò sì tíì ka páìpù, wáyà àti pọ́ńpù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Tí pọ́ńpù bá dákẹ́, omi ò kúrò níbẹ̀, nítorí fááfù ìsàlẹ̀ kì í jẹ́ kó padà. Gbogbo ìgbà tí pọ́ńpù bá sì ta, ara rẹ̀ máa ń fẹ́ yí, á fa páìpù lọ́rùn. Tèmi ń ta, ó ń kú, látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni ohun tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé nílùú yìí: páìpù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, okùn náílọ́ọ̀nù méjì, àti ọ̀pá irin kan tí wọ́n fi dábùú ẹnu késìn, ìyẹn páìpù ńlá tí wọ́n rì sínú kànga kí ilẹ̀ má bàa ya wọ̀ ọ́. Ojúko gọ́ọ̀mù kan ló kọ́kọ́ jáwọ́. Okùn wá ku òun nìkan lábẹ́ ẹrù, ọ̀pá irin yẹn sì ti ń gé e díẹ̀díẹ̀. Pọ́ńpù já sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òkè Sóbí ti mọ irú ilẹ̀ tá a wà lórí rẹ̀: àpáta ni. Késìn PVC onííǹṣì márùn-ún tí wọ́n rì sínú kànga mi ò lọ dé ìsàlẹ̀, ibi tí ilẹ̀ rírọ̀ parí sí ló dúró, láti ibẹ̀ lọ àpáta lásán ni. Ohun tó bá já síbẹ̀, ṣe ló máa há. Àwọn tó fi ìkọ́ yọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, wọn ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, wáyà rẹ̀ sì ti fà já kí wọ́n tó rí i gbé sókè.

Ìgbà yẹn ni Àfáà, pulọ́ńbà mi, sọ pé kí n yé fowó ṣòfò lórí gọ́ọ̀mù. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò, a sì ra páìpù onítíréèdì. Ọ̀rá ni, ti Íńdíà. Mítà mẹ́ta mẹ́ta ló ń wá. Ẹnu rẹ̀ kan ní tíréèdì lóde, ẹnu kejì ní in nínú, eyín tíréèdì náà tóbi, ó sì ṣe pẹrẹsẹ lórí. Kò dà bíi tíréèdì páìpù ilé tó tín-ín-rín tó sì ṣóńṣó. Òrùka rọ́bà kan wà nínú ẹnu tó gbòòrò, òun ló ń dá omi dúró. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí tépù funfun. Ẹ̀ ń fọwọ́ yí i títí tó fi le, ẹ wá fi sípánà onígbànú rọ́bà fún un ní ìyípadà kékeré tó kẹ́yìn. Sípánà eléyín tí wọ́n fi ń ṣe páìpù irin ò gbọdọ̀ kàn án, á hà á lára.

Ibi tí mo ti gbà fún páìpù yìí pátápátá ni inú ọyẹ́. Omi kànga fà sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí, pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, ó di dandan ká rọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, ayùn ni: ẹ máa gé e, ẹ máa ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ máa dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Eléyìí, Àfáà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kàn ń tú u ni, wọ́n ń tò ó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe ń tú u. Mo bẹ̀rẹ̀ wo àwọn rọ́bà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣì ń dán, kò sí èyí tó ya. A fi páìpù kan kún un, a dá gbogbo rẹ̀ padà, omi ti ń wọ táǹkì kí wọ́n tó pe Súhùrù.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí mi ò lo páìpù irin. Páìpù irin lágbára, n ò jiyàn. Àmọ́ èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wúwo ju kílò mẹ́ta lọ nínú mítà kan. Mítà 60 ti ń lọ sí bíi kílò 190, ẹ máa gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ṣéènì wá kẹ́ ẹ tó lè fà á. Ó tún ń dípẹtà. Ta ló máa ra píọ̀ wọ́tà tó pọ́n?

Ó wá kan kíláǹpù. Irin méjì tí wọ́n fi bóòtì dè pọ̀ ni, wọ́n gbẹ́ eyín sínú rẹ̀ kó lè gbá ara páìpù mú. Àfáà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Àlhájà, irin tó léyín yìí, ẹ má jẹ́ ká fi mú páìpù ọ̀rá o. Ibi tó bá bù jẹ ni páìpù yìí á ti sán lọ́jọ́ kan." Ẹni tó tà á fún wa ní kò sí wàhálà, bí gbogbo ayé ṣe ń lò ó nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ epo ní apá Wàrí ló wálé fún Iléyá tó tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní nínú kànga epo, wọn kì í fi gbogbo páìpù kànga dé òkè ilẹ̀. Wọ́n á ti kọ́kọ́ rì késìn ńlá, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dì í. Tí wọ́n bá wá gbẹ́lẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á rọ páìpù tó kéré jù ú lọ gba inú rẹ̀, wọ́n á sì so orí páìpù kékeré yìí rọ̀ mọ́ inú késìn ńlá ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń dín owó irin kù nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ń so ó rọ̀ ni wọ́n ń pè ní liner hanger. Ó ní irin eléyín lára tó ń gun orí irin mìíràn tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́. Bó ṣe ń gùn ún ló ń fẹ̀ síta tí eyín rẹ̀ á fi wọ ara késìn. Nígbà mìíràn wọ́n á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan sínú páìpù, á lọ dí ihò nísàlẹ̀, wọ́n á wá fi agbára omi tì í kí irin eléyín náà lè gùn. Rọ́bà lè wà lókè rẹ̀ tó ń wú láti dí àlàfo kí gáàsì má bàa gbabẹ̀ jáde.

"Mọ́mì, bí ẹrù bá ṣe ń fà á sísàlẹ̀ ló ṣe ń bù ú jẹ sí i," ó ní, "ìyẹn ló fi dára. Ṣùgbọ́n irin ló ń bu irin jẹ níbẹ̀. Ọ̀rá lẹ lò níbí."

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ṣe kíláǹpù tèmi wo ti irin, ó wá gbé e fún ọ̀rá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Sáńgó, ó gé irin pẹlẹbẹ nípọn fún mi, ó pín in sí méjì, ó lu ihò sáàárín rẹ̀. Ihò náà ò di páìpù mú rárá. Èjìká ẹnu irin stainless tó wà lórí páìpù àkọ́kọ́ ló jókòó lé e, kò sì lè gba ihò kọjá. Irin pẹlẹbẹ náà ò sì fara lé késìn: kọnkéré tá a dà yí ẹnu kànga ká ló gbé e. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí késìn PVC kì í ṣe òpó ilé. Okùn wáyà stainless kan tún wà lọ́tọ̀ láti etí pọ́ńpù wá sókè, ó dẹ̀ díẹ̀, kò ru nǹkan kan. Ọjọ́ tí páìpù bá ṣe nǹkan ló máa wúlò.

Bóòtì tí wọ́n ní stainless ni dípẹtà lójò àkọ́kọ́. Ìdérí wá jẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ihò tó yẹ kí wáyà gbà fẹ̀ débi pé aáyán ń wọlé, tí àgbàrá bá sì dé, á bá a wọlé. Fún ẹni tí àjọ NAFDAC lè wá yẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ wò, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn. Mo pe ṣọ́ọ̀bù náà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní àpapọ̀ ni wọ́n ń tà á. Mo ra òmíràn tó ní rọ́bà tó ń fún wáyà mọ́ra.

Lórí owó, ó lé ní ìlọ́po méjì páìpù onígọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ ilé lásán ni, tí kànga ò jìn tó mítà 30, tó jẹ́ pé táǹkì kan lẹ̀ ń kún lójúmọ́, n ò ní gbà yín níyànjú láti rà á. Páìpù dúdú tí wọ́n ń ká bí okùn, tí kò ní ojúko kankan láàárín, á ṣe yín dáadáa. Àmọ́ fún ilé ìwé, mọ́sálásí, ilé ayálégbé àti àwa oníṣẹ́ omi, ẹ rà á. Ẹ ní kí wọ́n yọ kíláǹpù àti ìdérí kúrò nínú owó rẹ̀, ẹ má sì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì ki ìka bọ ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ rí i pé òrùka rọ́bà wà níbẹ̀. Àwọn kan wà nínú tèmi tí kò ní.